Kọ́bọ́ọ̀dù Màmá Hedwig

"Ẹ fà á wò, ẹnjiníà! Ó ṣeé tú!"

Onílé nawọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù inú ilé ìdáná Màmá Hedwig, ayálégbé rẹ̀ ní Milwaukee. Lójú ìjọba, ohun tó bá ṣeé tú ló ń tètè gbó, òun ló sì ń tètè dín owó orí onílé kù. Èyí tó bá ti di ara ilé kì í gbó bọ̀rọ̀.

Ẹnjiníà, tí onílé mú wá láti ṣàkọsílẹ̀ ohun tó ṣeé tú nínú ilé fún ọ̀rọ̀ owó orí, fà á, kò mì. Onílé fúnra rẹ̀ ti ẹsẹ̀ mọ́ ògiri, ó fà á títí ó fi làágùn.

"Màmá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ń pariwo pé ó ń mì bí eyín arúgbó?"

"Mo bẹ̀ yín títí, lándílọ́ọ̀dù, ẹ ò dáhùn. Ni ọmọ mi bá fi símẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri." Màmá rẹ́rìn-ín. "Ọ̀fẹ́ ni o. Ẹ má wulẹ̀ dúpẹ́."