Iná Funfun Ọkọ̀ Ọ̀gá Ṣóyẹmí

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé àárín kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.

Theophilus Ṣóyẹmí ni igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé girama kan ní Odogbolu, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Òde ló ń gbé pẹ̀lú Rachel ìyàwó rẹ̀ àti Ayọ̀tọ̀míwá ọmọ wọn. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Kì í mutí, kì í bá ènìyàn jà, kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ló máa ń mú un gbéra ga. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dúdú kan ni, òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun.

Iná iwájú ọkọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ wọn: "Theo, ṣé fìtílà lo gbé síwájú ọkọ̀ yìí ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Ní Sátidé, ó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rìwáyà tó ń ṣe iná ọkọ̀, ó ní kó yọ gílóòbù tó bá ọkọ̀ wá, kó fi LED funfun tó mọ́lẹ̀ jù lọ rọ́pò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ilé gílóòbù ọkọ̀ yẹn kò wà fún irú iná bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó dojú kọ ilẹ̀ ń fọ́n ká sókè, ojú ẹni tó ń bọ̀ níwájú ló sì ń lọ tààrà. Rìwáyà náà kò yẹ̀ ẹ́ wò, Ṣóyẹmí kò sì béèrè. Wọ́n tan iná sí ara ògiri, ògiri funfun báláú, inú rẹ̀ dùn.

2.

Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, gbogbo ọkọ̀ tó bá pàdé rẹ̀ ni yóò máa tan iná, tí yóò tún máa pa á, láti fi bẹ̀ ẹ́. Ọlọ́kadà á yà sí ẹ̀gbẹ́. Oní-Márúwá á dúró kó kọjá.

"Ṣé o rí i bí wọ́n ṣe ń yà fún wa?" ló sọ fún ìyàwó rẹ̀.

"Wọn kò yà fún wa, Dádì Tọ̀míwá. Wọn ò ríran ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá wa yọ ọ́."

"O fẹ́ kí n padà sí fìtílà, àbí?"

Rachel kò dákẹ́. Nígbà kan tó ń ṣí géètì fún un, iná náà bà á lójú débi pé ó ń fọwọ́ wá ìdè géètì kiri bí afọ́jú. Ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní òun á tún un ṣe lọ́la. Ẹ̀yin náà mọ irú ọ̀la bẹ́ẹ̀.

3.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni. Wọ́n lọ kí ìyá Rachel ní Imusin, wọ́n ń padà bọ̀. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú, òjò ń rọ̀. Márúwá kan ń bọ̀ níwájú wọn, ó tan iná, ó pa á, ó tún tan án.

"Ẹ rẹ iná wa sílẹ̀," Rachel sọ.

"Ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Lóòótọ́ ló wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọlọ́jú náà ló ṣì ń lọ. Márúwá náà yẹ̀ kúrò lójú títì, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n sì gbọ́ ìró irin nínú kòtò.

"Ẹ dúró. Ó ti ṣubú."

Ṣóyẹmí tẹ bíréèkì. Nínú dígí tó fi ń wo ẹ̀yìn, ó rí táyà tó ń yí lójú òfuurufú. Ó ronú kan ọlọ́pàá, ó ronú kan ipò rẹ̀ nílé-ìwé, ó ronú kan orúkọ rẹ̀.

"Ọkọ̀ mi ò kàn án," ó ní. "Àwọn ará ibí á gbé e."

"Kò sí ilé níbí."

"Rachel, mo ní ọkọ̀ mi ò kàn án."

Ó sì wa ọkọ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ sunkún dé ilé.

4.

Yẹ̀kínì ni orúkọ ẹni tó wa Márúwá náà. Ilé ló ń lọ. Irin tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ nínú òjò títí ilẹ̀ fi mọ́, kí àwọn tó ń lọ sóko tó rí i. Ó kú kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Dókítà ní bí wọ́n bá tètè gbé e ni, ì bá yè.

Nígbà tí Rachel gbọ́, kò bi ọkọ rẹ̀ léèrè. Ó wé gèlè, ó lọ bá ọlọ́pàá, ó sì sọ ohun gbogbo. Wọ́n gbé Ṣóyẹmí lọ sí kóòtù, wọ́n gba béèlì rẹ̀, ilé-ìwé ní kó lọ máa jókòó nílé. Rachel kó ẹrù tirẹ̀ àti ti ọmọ, ó padà sí Imusin.

"Kì í ṣe nítorí iná ni mo ṣe ń lọ," ló sọ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ rí i, ẹ sì wa ọkọ̀ lọ. Mi ò lè sùn ti ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀."

Lẹ́yìn náà, Ṣóyẹmí lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó olóògbé. Obìnrin náà kò ṣépè.

"Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é," ó ní. "Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ lọ, ta ni ẹ rò pé ó máa gbé e?"

Obìnrin náà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹjọ́ kò tíì parí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Koríko ti hù yí ọkọ̀ ká nínú ọgbà. Ẹsẹ̀ ni Ṣóyẹmí fi ń rìn. Bí ọkọ̀ bá tan iná bọ̀ lójú títì, á kọjú sí ògiri títí yóò fi kọjá.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ iná ọkọ̀ yín, ẹ fi èyí tó bá ilé rẹ̀ mu síbẹ̀, kí ẹ sì rí i dájú pé ilẹ̀ ló ń tàn sí kí ẹ tó gbé ọkọ̀ jáde. Bí àwọn tí ẹ ń pàdé bá ń tan iná sí yín, kì í ṣe pé wọ́n ń kí yín, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ yín. Bí ẹnì kan bá sì ṣubú, ẹ dúró. Ẹ dúró, ohun yòówù kó dà. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn; gbogbo òtòkùlú ìlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.