Ìtumọ̀ "Tú"

Ọlọ́pàá méjì ló fa ìyá ọlọ́fọ̀ kúrò lára bíríkìlà tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ó ti fi èékánná ya ojú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán. Ọmọ ìyá náà méjì ni ògiri wó pa.

Adájọ́ kò gbọ́ èdè wọn. "Ògbufọ̀, ẹlẹ́rìí ní bíríkìlà yìí lérí pé ilé wọn máa 'tú'. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Ògbufọ̀ wo ìyá náà. "Olúwa mi, bí tọkọtaya bá kọra wọn, tí ọmọ fọ́nká, ilé tú nìyẹn. Ti ògiri, 'wó' là ń pè é."

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí yẹn nìkan ni ẹ̀rí tó wà nílẹ̀. Wọ́n dá bíríkìlà sílẹ̀.

Lórí àtẹ̀gùn ìta, ó bọ ògbufọ̀ lọ́wọ́. "Ẹ ṣeun, bàbá. Etí ẹlẹ́rìí yẹn mà di o! Mo ní mo máa wó ilé wọn lé wọn lórí ni."

Ògbufọ̀ gbá a lórí mú, ó là á mọ́ àtẹ̀gùn títí eyín fi fọ́n sílẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá sáré bọ̀. Ìyá ọlọ́fọ̀ na apá méjèèjì, ó dí ẹnu ọ̀nà mọ́ wọn.