Dókítà Eyín àti Iyùn Olóró

Dókítà eyín kan wà tí àrùn tirẹ̀ kò sí nínú eyín. Ojú tín-ín-rín ló fi ń wo ẹnikẹ́ni tí kò bá wọ aṣọ funfun. Ó mọ iṣẹ́ o. A kò ní torí pé ìwà rẹ̀ burú ká ní kò mọ eyín yọ. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń gbálẹ̀ fún un, tó dàgbà tó ìyá tó bí i lọ́mọ, "ìwọ" ló ń pè é. Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín ni àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ń pe obìnrin náà, nítorí ẹ̀rín rẹ̀ a máa dé ẹnu ọ̀nà kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé.

Lọ́jọ́ kan, dókítà ra àpótí onígíláàsì ńlá kan sí yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró. Omi iyọ̀ ló kún inú rẹ̀, ẹja pupa ń lúwẹ̀ẹ́, iyùn ààyè, ẹ̀dá inú òkun tí kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, sì lẹ̀ mọ́ òkúta bí òdòdó, ó ń ṣí, ó ń pa dé. Ẹni tó tà á fún un kìlọ̀ pé, "Dókítà, àwọn iyùn aláwọ̀ ewé wọ̀nyí lóró gan-an. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn wọ́n, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ha wọ́n. Omi gbígbóná ńkọ́? Ẹ má tilẹ̀ dán an wò!"

"Ó yé mi, ó yé mi. Má jẹ́ kí aláìsàn gbọ́ o." Dókítà ń mi orí, ojú rẹ̀ wà lára ẹja. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ nìkan ló gbọ́. Èyí tó kù gba etí kan wọlé, ó gba èkejì jáde. Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín ń nulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò kà á mọ́ èrò inú yàrá.

Àpótí náà dùn ún wò. Ọmọdé tó ti ń ké bọ̀ láti ojú títì, bó bá rí ẹja, a ya ẹnu sílẹ̀, dókítà a sì ráyè ka eyín rẹ̀. Bàbá arúgbó kan tí eyín rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Bàbá, èwo ló ń dùn yín?"

"Kò sí èyí tó ń dùn mí, ọmọ mi. Ẹja ni mo wá kí."

Èrò ń wọ́ tìrítìrí, orí dókítà sì ń wú bíi búrẹ́dì.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Iyùn aláwọ̀ ewé gbilẹ̀, ó bo òkúta, ó sì ń fún àwọn yòókù lọ́rùn. Dókítà wọ ìbọ̀wọ́ méjì sí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ó gbé òkúta kan jáde sínú ike, ó sì na búrọ́ọ̀ṣì sí Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín.

"Ìwọ, ha á kó mọ́."

"Ẹ fún mi ní ìbọ̀wọ́, sà."

Páálí ìbọ̀wọ́ mẹ́sàn-án ló wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn dókítà. "Ti ìtọ́jú aláìsàn nìyẹn. Àbí eyín ń dùn ọ́ ni?"

"Eyín kò dùn mí, sà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjì péré ni Ọlọ́run fún mi, mi ò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀kẹta."

Akọ̀wé tó jókòó nídìí tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ká dókítà lára.

"Ó dáa! Kó ẹrù rẹ, máa lọ. Má padà wá mọ́."

Iṣẹ́ yìí ni Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín fi ń tọ́ ọmọ-ọmọ méjì. Síbẹ̀, ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ká a, ó gbé e lé orí àga. "Ẹ rọra o, sà. Ẹni tó tà á ní omi gbígbó..."

Dókítà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu.

Àgbọ́ìgbọ́tán ní í dá ìjà sílẹ̀. Ti dókítà dá ikọ́ sílẹ̀. Ó gbé òkúta wọ yàrá kékeré tí wọ́n ti ń po tíì, ó gbé kẹ́tùlù kaná. "Kí lèmi ń wá ẹni tí yóò ha á sí?" ló ń sọ nínú ara rẹ̀, ló bá da omi híhó lé iyùn lórí. Ìbọ̀wọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n imú kì í wọ ìbọ̀wọ́. Oró bá èéfín omi gòkè, ó bá a wọnú ẹ̀dọ̀fóró.

Láìpẹ́, ẹnu rẹ̀ ń korò bí ẹnu ẹni tó lá irin. Ara rẹ̀ gbóná, òtútù sì ń mú un, àyà rẹ̀ fún pinpin. Bàbá eléyín mẹ́ta rí i bó ti ń rá pálá bọ̀, ó kígbe pé, "Ẹ gbà wá o, dókítà ń wá dókítà!"

Nílé ìwòsàn, wọ́n bi í léèrè ohun tó fọwọ́ kàn. Ìtìjú kò jẹ́ kó jẹ́wọ́. "Oúnjẹ àná ni," ló ń wí, èémí rẹ̀ sì ń kúrú sí i. Akọ̀wé tó gbé e wá rántí ìkìlọ̀ tí ilẹ̀kùn gé kúrú, ó bá pe Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín, ó gbé fóònù fún olórí nọ́ọ̀sì.

"Ẹ má gbọ́ ti oúnjẹ o, ọmọ mi! Iyùn olóró ni. Ìṣojú mi ni wọ́n ti kìlọ̀ fún un. Ẹ bi í bóyá ó da omi gbígbóná lé e."

Dókítà di ojú, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n yára fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sí i nímú, ẹ̀mí rẹ̀ kò sì bọ́. Nọ́ọ̀sì tún gbé fóònù sétí.

"Màmá, níbo lẹ ti ń ṣiṣẹ́?"

"Mi ò níṣẹ́ mọ́ láti aago mọ́kànlá òní, ọmọ mi."

"Ẹ máa bọ̀ níbí lọ́la. Ẹni tó ń fetí sílẹ̀ là ń wá."

Ẹ̀rín tó bú jáde nínú fóònù náà mú kí aláìsàn orí ibùsùn kejì rẹ́rìn-ín, láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni dókítà fi dùbúlẹ̀. Àwọn aláyẹ̀wò ìlera kó àpótí lọ, wọ́n sì ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa fún oṣù méjì. Nígbà tó ṣí i padà, ó wá agbálẹ̀ títí, kò rí. Gbogbo wọn ti gbọ́. Ní báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀ láràárọ̀, tó ń wúkọ́ díẹ̀ díẹ̀. Àná ni aláìsàn tuntun kan bá a níbẹ̀, ó kí i tẹ̀ríntẹ̀rín: "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá agbálẹ̀. Ṣé dókítà ti dé?"

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí rèé. Ohun tó lẹ́wà nínú omi lè lóró: ẹni tó bá fẹ́ sin iyùn ààyè nílé, kó bi ẹni tó ń tà á léèrè dáadáa, kó wọ ìbọ̀wọ́, ìbòmú àti awò ojú, kó má ha á, kó má sì da omi gbígbóná sí i láéláé. Bí oró rẹ̀ bá sì ṣe é léṣe, kó sọ òtítọ́ fún dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó tóbi jù ni pé ohun tó léwu fún ọwọ́ ọ̀gá, ó léwu fún ọwọ́ agbálẹ̀. Ọ̀gá tó bá fi ìbọ̀wọ́ du òṣìṣẹ́ rẹ̀, olè ni, ìlera ọmọlọ́mọ ló ń jí. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́.