Ìkejì Idà

"Ibi tó dógùn-ún yìí náà, ẹ fẹ́ kí n ṣe é sára ìkejì?" Alágbẹ̀dẹ wo oníbàárà rẹ̀ tòkètilẹ̀.

"Gbogbo ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Kí ojú má lè dá méjèèjì mọ̀ yàtọ̀ síra."

Idà àtijọ́ tí oníbàárà gbé wá láti ilé wọn wà lórí tábìlì láàárín wọn.

"Ta lẹ fẹ́ lù ní jìbìtì? Bàbá mi lo ogójì ọdún nídìí iṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n lólè rí. Orúkọ rere yẹn nìkan ni ogún tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi."

"Ẹ kọ́kọ́ tú èèkù ẹ̀ wò ná, kẹ́ ẹ tó máa bú mi."

Alágbẹ̀dẹ yọ ìṣó, ó sì fa èèkù kúrò. Lára irin tí èèkù bò mọ́lẹ̀ ni ìlà mẹ́ta wà, àmì tí bàbá rẹ̀ máa ń fi sára gbogbo ohun tí wọ́n bá rọ.

"Bàbá mi ló rọ èyí," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Mo mọ̀. Mi ò tiẹ̀ fẹ́ ìkejì kankan. Idà àwọn baba ńlá wa ni bàbá tèmi gbé wá síbí nígbà yẹn, kí bàbá yín kàn bá wọn pọ́n ọn. Èyí ni bàbá yín dá padà."

Alágbẹ̀dẹ fi àtàǹpàkò bo ìlà mẹ́ta náà.