Ègé Kejìdínlógún

Dẹ́rẹ́bà ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí ọkọ̀ tó ń já ẹrù sílé onílé ló ń wà. Ọdún mẹ́fà rèé, kò tíì gbé ẹrù ẹnikẹ́ni lọ sílé ẹlòmíì rí. Ẹ ṣáà fún un ní àdírẹ́sì, ó parí. Abẹ́rẹ́ àti ìkòkò nìkan ni kò mọ̀ ọ́n lò, àwọn méjèèjì yẹn gan-an sì ni ìyá àgbà àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fi ń dán ìyàwó wò.

"Ọmọge tí ẹ̀gbọ́n mi mú wá, bọ́tìnnì ló lé e lọ," àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un. "Màmá kì í rẹ́rìn-ín o! Bí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́ ọ, ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn. Nọ́ńbà 9, géètì aláwọ̀ ewé. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ń retí ẹ, ìwọ nìkan. Màá wá bá yín láago méjì."

Géètì aláwọ̀ ewé pọ̀ ládùúgbò náà, ṣùgbọ́n Dẹ́rẹ́bà rí 9 gàdàgbà lára ọ̀kan lápá ọ̀tún, súkúrúù kan ṣoṣo ló mú un dúró. Ó páàkì. Kó tó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kejì, ìyá arúgbó kúkúrú kan ti ṣí i, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn rẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ̀yin ni Màmá Àgbà?"

"Ta ló tún kù nílé yìí tó dàgbà jù mí lọ? Dìde ńlẹ̀, aṣọ ẹ á dọ̀tí. Wọlé, wọlé! Ṣó o ti jẹun?"

"Ó ní kí n wá kí yín, mà."

"Olúwarẹ̀ káre láé. Fóònù kì í wọ ilé ìdáná mi o. Pa á, kó o fi sábẹ́ tìmùtìmù yẹn."

Nínú ilé ìdáná, ìyá àgbà kó ìyẹ̀fun, bọ́tà àti ẹyin jọ sórí tábìlì. Ó ní kéèkì ilé òun kò ní wàhálà rárá: ìyẹ̀fun ife méjì, ṣúgà ife kan, ẹyin mẹ́ta, bọ́tà tó tó ìkúùkù ọmọdé. Ẹyin àkọ́kọ́ tí Dẹ́rẹ́bà fọ́, orí bàtà ara rẹ̀ ló bọ́ sí. Ó dúró gbagidi, ó ń retí èébú. Ẹ̀rín ló gbọ́! Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú.

"Yéè! Bàtà náà fẹ́ jẹ kéèkì! Fọ́ òmíì, jàre."

Ẹni tí wọ́n ní kì í rẹ́rìn-ín rèé? Àfẹ́sọ́nà mi yìí pẹ̀lú irọ́, Dẹ́rẹ́bà sọ nínú ara rẹ̀. Ẹ̀rù sì fò lọ.

Bí kéèkì ti wọ ààrò, agolo bísíkíìtì àtijọ́ kan yọ. Òwú, bọ́tìnnì àti sísọ́ọ̀sì ló kún inú rẹ̀, súkúdíráfà kékeré kan wà láàárín wọn.

"Ti ẹ̀rọ ìránṣọ ni súkúdíráfà yìí, mà?"

"Iṣẹ́ ẹ̀ pọ̀, ọmọ mi. Gba abẹ́rẹ́. Má wò ó bí ẹni tó rí ọlọ́pàá. Ṣe bí ìgbà tó o bá ń fi ẹ̀yìn rìn pẹ̀lú ọkọ̀ ẹ: rọra, má wo ẹnikẹ́ni lójú."

Ọ̀rọ̀ yẹn yé Dẹ́rẹ́bà. Abẹ́rẹ́ gún un lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àmọ́ nígbà tó fi máa di aago méjìlá, ojú òwú rẹ̀ ti ń tọ́. Ìyá àgbà wá tẹ́ aṣọ ìbora ńlá kan sílẹ̀, ègé aṣọ oríṣiríṣi ni wọ́n rán pọ̀, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan láàárín ègé kọ̀ọ̀kan.

"Gbogbo ẹni tó bá wọlé yìí ló ń rán ègé tiẹ̀. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n."

"Háà! Ẹbí yín mà pọ̀ o, mà."

Ìyá àgbà fi ìka kan bọ́tìnnì tó wọ́. "Ọkùnrin ló rán èyí. Abẹ́rẹ́ gún un, ó bú sẹ́kún. Òun náà ló jẹ kéèkì jù. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kò tíì padà wá."

Àṣé wọ́n tún máa ń dán ọkọ ọmọ wò! Dẹ́rẹ́bà fẹ́ràn ẹbí yìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó rán ègé kejìdínlógún, ó so bọ́tìnnì pupa mọ́ ọn. Ìyá àgbà fi gbogbo agbára fa bọ́tìnnì náà. Kò mì.

"Ó yege!"

Àwọn méjèèjì fo sókè, wọ́n jó yí tábìlì ká, ìyẹ̀fun sì ń fò lára wọn. Inú Dẹ́rẹ́bà dùn dé bi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá àgbà di ìlàjì kéèkì fún un, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe.

"Tó o bá ráyè, kó o padà wá. Àní tó o bá ráyè."

"Ẹ̀ẹ́ rí mi títí ẹ ó fi ní ó tó, mà!"

Níta, kò tíì dé ìdí ọkọ̀ nígbà tó tan fóònù. Ó dún lójú ẹsẹ̀.

"Níbo lo wà?" Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ni. "Láti aago mẹ́sàn-án ni Màmá ti fajú ro lójú fèrèsé! Ìyẹ̀fun ńlẹ̀, abẹ́rẹ́ ńlẹ̀! Mo wà lẹ́nu géètì báyìí."

Dẹ́rẹ́bà gbójú sókè. Ní òdìkejì títì, ọ̀gbẹ́ni náà dúró níwájú géètì aláwọ̀ ewé mìíràn, fóònù létí, 9 lẹ́yìn orí rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà wo kéèkì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo òwú pupa tó so mọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ̀rín sì pa á.

"Sọ fún Màmá pé mo ti dé. Kí wọ́n mú bọ́tìnnì tó bá wù wọ́n wá."

Ó wá yíjú padà sí ilé tó ti jáde, ó sì rí ìyá àgbà tó dúró lórí àpótí ìjókòó, súkúdíráfà inú agolo lọ́wọ́ rẹ̀, tó rọra ń yí 9 ara géètì padà sí 6 tó jẹ́ tẹ́lẹ̀.