Ìgò Tí A Kì Í Mì

Ẹ̀rọ tó ń fò ti gbé ìgò oṣù yìí sí ojú fèrèsé Ìbídùn. Oògùn inú rẹ̀ ló ń pẹ̀tù sí àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ tó ń bá a jà. Láti àná ni ìpéǹpéjú rẹ̀ ti ń wálẹ̀. Lóṣù tí kò rí i gbà lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ló ń bá a mí.

Ó lọ fọwọ́. Nígbà tó padà, ìyá rẹ̀ ń mi ìgò náà kíkankíkan, bó ṣe máa ń mi oògùn ibà fún un ní kékeré. Ìbídùn na ọwọ́ sí ìgò náà.

Ìgò náà pọ́n, ó sì ti ara rẹ̀ pa: oògùn yìí, tí wọ́n bá ti mì ín, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Òmíràn di oṣù tó ń bọ̀.

"Mo ti bá ẹ mì ín dáadáa."

Ìbídùn fìka gbé ìpéǹpéjú kan sókè, kó lè rí ojú ìyá rẹ̀.

"Ẹ ṣé, Màámi."