Ọjọ́ Tí Ìyá Aránṣọ Ríran

Bí dókítà ṣe tú bándéèjì tí wọ́n fi di ojú ìyá aránṣọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni ìyá náà pariwo, "Yéè! Mo ríran!"

Ó ka gbogbo lẹ́tà ara ògiri. Ó tún ní ọ̀kan nínú bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì dókítà ti já.

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ìtọ̀ ṣúgà ló fẹ́ fọ́ ojú yín, màmá. Ẹ má fi oògùn yín ṣeré o."

Ọkọ ìyá náà, tó ti ń fà á lọ́wọ́ kiri láti ọdún méjì, fò dìde tayọ̀tayọ̀. Ó tẹríba fún ẹ̀wù funfun dókítà tí wọ́n fi kọ́ ara ìṣó. "Dókítà, ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́ o!"

Ìyá aránṣọ wo ọkọ, ó wo ẹ̀wù, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹni tó ni ẹ̀wù yẹn fẹ́ wo ojú yín."